Kí Ni Ìjọba Ń Wá Nínú Ìyà Tí Ó Fi Ń Jẹ Ọ̀daràn?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ kíláàsì àgbà sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde

Mo mọ̀ pé láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ẹlòmíràn nínú yín ti wà ní ọjà, tí ẹlòmíràn ti wà ní oko tàbí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ sì tún wá jókòó níhìn-ín lálẹ́ láti kàwé. N kò ní fi ọ̀rọ̀ gbọọrọ dá yín dúró. Bí ó bá sì gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ òfin kì í kúrú bí a ti fẹ́.

Ọ̀gá olùkọ́ yín ni ó ní kí n wá. Ó mọ̀ pé mo ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí, pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi jókòó ní iwájú adájọ́ tí mo ń kọ ohun tí olúkúlùkù wí sílẹ̀. Ó ní ẹ ti mọ orúkọ yín kọ, ẹ ti ń ka ìwé ìròyìn, ẹ sì ń ka ìròyìn ẹjọ́ nínú rẹ̀. Ó ní ohun tí ẹ ń bi ara yín ni èyí: nígbà tí ìjọba bá fi ìyà jẹ ọ̀daràn, kí ni ó ń wá níbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Àwọn adájọ́ pàápàá ń bi ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi gàrí bẹ̀rẹ̀, nítorí ìlú gàrí ni a wà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, jí àpò gàrí kan gbé ní ọjà Òkè-Ajé. Àpẹẹrẹ ni o! Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá a kiri. Kò tíì rìn jìnnà tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́. Kí a tó ṣẹ́jú, èrò ti pé lé e lórí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ènìyàn máa ń wí ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan ní, “Ẹ jẹ́ kó jìyà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀!” Ẹlòmíràn ní, “Ẹ fi í ṣe àríkọ́gbọ́n, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má tún dán an wò.” Ẹnìkẹta ní, “Ẹ tì í mọ́lé, kí a lè rí oorun sùn.” Bàbá arúgbó kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bèèrè pé, “Ọmọ ta ni? Ṣé kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ni?” Ìyá onígàrí fúnra rẹ̀ kò dá sí gbogbo èyí. Ohun tí ó ń wí ni pé, “Gàrí mi ti dà sílẹ̀ o. Ta ni yóò san án?” Ẹnìkan sì wà níbẹ̀, kì í ṣàìwà níbẹ̀, tí ó ń pariwo pé, “Ẹ bá mi wá táyà! Ẹ bá mi wá pẹtiróòlù!”

Ẹ gbà mí gbọ́, yàtọ̀ sí ẹni ìkẹyìn yẹn, ohun tí àwọn ará ọjà wí yìí ni ó wà nínú ìwé òfin. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun kan lórí bí a ó ti máa ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn. Ní abala 401 rẹ̀, a kọ ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ ní lọ́kàn bí ó bá fẹ́ dá ìyà fún ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun méje ni: kí ọ̀ràn má tún ṣẹlẹ̀, kí a ká ọ̀daràn lọ́wọ́ kò, kí a tún ìwà rẹ̀ ṣe, kí ẹ̀rù ba ẹlòmíràn, kí gbogbo ìlú mọ̀ pé ohun tí ó ṣe kò dára, kí ó jẹ ìyà tí ó tọ́ sí i, kí ó sì dá ohun tí ó bàjẹ́ padà fún ẹni tí ó ni ín. Àwọn kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni ó ń lo òfin yẹn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì ti ṣe tirẹ̀. Pẹtiróòlù kò sí nínú méjèèje.

Ẹni táyà yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dùn mí. Nínú òfin ọ̀ràn wa, bí ó bá jẹ́ olè jíjà lásán, tí kò sí ìbọn tàbí àdá níbẹ̀, tí olè kò sì fọ́ ilé ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ọdún díẹ̀ ni ó pọ̀ jù tí òfin fi sí i. Ẹ gbọ́ o, ó pọ̀ jù ni mo wí. Adájọ́ lè fún un ní oṣù mẹ́ta. Ó lè ní kí ó san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da pẹtiróòlù sí i lára, tí ọmọ náà sì kú, apànìyàn ni. Ikú ni òfin fi sí ìyẹn. Kì í sì í ṣe ẹni tí ó ṣáná nìkan. Ẹni tí ó gbé táyà wá, ẹni tí ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ẹni tí ó sáré lọ ra pẹtiróòlù, òfin ka gbogbo wọn mọ́ ọn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2012, ní Aluu lẹ́bàá Pọ́tákọ́ọ̀tù, àwọn èrò pa ọmọ yunifásítì mẹ́rin. Wọ́n ní olè ni wọ́n, wọ́n ní wọ́n jí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì sun wọ́n, àwọn ẹlòmíràn dúró tí wọ́n ń fi fóònù ya àwòrán wọn. Kò sí adájọ́ tí ó bi àwọn ọmọ náà léèrè ohunkóhun. Ní oṣù keje 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Pọ́tákọ́ọ̀tù dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tí a mú, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ sájẹ́ńtì ọlọ́pàá nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ fóònù ti di òkú mẹ́rin, tí òkú mẹ́rin sì tún bí ẹjọ́ ikú mẹ́ta. Àwọn baba wa ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn èrò ọjà kì í tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan.

Ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́, tí ó ní kí ó jìyà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? N kò bá a jà. Ẹ̀san ni ó ń bèèrè. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń sá fún ọ̀rọ̀ ẹ̀san bí ẹni pé ìwà ará oko ni, ṣùgbọ́n èmi kò sá fún un. Bí a bá jí gàrí ìyá yìí, tí ìjọba kò sì ṣe nǹkankan, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni yóò lọ bá olè nílé. Ẹbí olè náà kò ní káwọ́ gbera. Kí ọdún tó yí po, àdúgbò méjì ti di ọ̀tá. Ìjọba gba pàṣán lọ́wọ́ wa kí a má baà na ara wa pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba pàṣán gbọ́dọ̀ mọ iye tí yóò nà. Ìyà ní láti bá ẹ̀ṣẹ̀ mu, ẹ̀ṣẹ̀ náà sì ní láti jẹ́ èyí tí a ti kọ sínú òfin kí ènìyàn tó ṣẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín lórí èyí. Ní 1961, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú rẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ kan dá obìnrin kan lẹ́bi pé ó ń bá ọkùnrin mìíràn gbé nígbà tí kóòtù kò tíì tú òun àti ọkọ rẹ̀ ká. Wọ́n bu owó lé e. Obìnrin náà kò gbà, ó gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ gíga. Adájọ́ níbẹ̀ ní kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ ní apá Ìwọ̀-Oòrùn tí ó sọ ohun tí obìnrin náà ṣe di ọ̀ràn, ó sì fagi lé ẹ̀bi náà. Kò sọ pé ohun tí ó ṣe dára o! Ohun tí ó wí ni pé ìjọba kò lè fi ìyà jẹ ènìyàn lórí ohun tí òfin kò kọ sílẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin ńlá ti 1999 tí a ń lò lónìí, abala 36. Ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí: ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó mọ ìwé kà.

Ẹni kejì ní kí a fi í ṣe àríkọ́gbọ́n. Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí èyí ni gbogbo ènìyàn gbàgbọ́ jù, òun náà ni ó sì máa ń tàn wá jẹ jù.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970, ìbọn pọ̀ káàkiri, adigunjalè sì gbilẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, ìjọba ológun gbé òfin jáde pé ẹni tí ó bá fi ìbọn jalè, pípa ni a ó pa á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa wọ́n ní gbangba létí òkun, ní Bar Beach ní Èkó. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án 1971 ni wọ́n pa Ishola Oyenusi, tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí jìnnìjìnnì ń bá wọn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èrò tí ó lọ wò ó kò lóǹkà. Àwọn ọlọ́jà gbé ọjà lọ síbẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí àwọn àgbàlagbà ti ń sọ ọ́ ní àdúgbò wa. Wọ́n ní olè jíjà ti tán ní Nàìjíríà.

Ó ha tán bí? Ní 1986, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, Lawrence Anini da ìlú Ìbìní rú. Ọlọ́pàá pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀. A mú un ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, a sì yìnbọn pa òun náà ní oṣù kẹta 1987. Ìgbà tí ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù ni gbogbo ayé gbọ́ pé ọ̀gá ọlọ́pàá kan ni ó ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀gá náà kú ikú kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi rí ní gbogbo ọdún tí mo fi wà ní kóòtù. Olè kì í ka ìwé òfin kí ó tó jáde lóru. Kì í bèèrè bóyá ọdún mẹ́ta ni tàbí mẹ́wàá. Ohun tí ó ń rò ni pé ọwọ́ kò ní tẹ òun, tàbí pé bí ọwọ́ bá tẹ òun, owó yóò yọ òun. Bí ó bá dá a lójú pé a ó mú òun, oṣù mẹ́fà tó láti bà á lẹ́rù. Bí kò bá dá a lójú, ikú pàápàá kò bà á lẹ́rù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń pariwo pé kí a fi ìyà kún ìyà, mo máa ń bi í pé: ọlọ́pàá mélòó ni ó wà ní àdúgbò yín? Iná ha ń tàn ní òpópó yín lálẹ́ bí?

Ikú ṣì wà nínú òfin wa títí di òní. Àwọn tí a ti dá ẹjọ́ ikú fún, tí wọ́n wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń retí rẹ̀, lé ní 3,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojoojúmọ́ ni a ń so ènìyàn rọ̀. A so mẹ́rin rọ̀ ní Ìbìní ní 2013, a sì so mẹ́ta níbẹ̀ kan náà ní 2016. Gómìnà ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà, ọ̀pọ̀ gómìnà ni kì í sì í fẹ́ kí ọwọ́ òun kàn án. N kò dá wọn lẹ́bi.

Ó kan ẹnìkẹta, ẹni tí ó ní kí a tì í mọ́lé kí a lè sùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní òótọ́ nínú. Àwọn kan wà tí kò yẹ kí ó máa rìn láàrin wa, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀: ẹni tí ó ń fi ipá bá ọmọdé lò pọ̀, ẹni tí ó ń fi ìbọn dá ènìyàn lọ́nà. N kò ní bẹ̀bẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí, “ẹ̀wọ̀n”, irin tí a fi ń so nǹkan ni ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an. Àwọn baba wa mọ irin náà, wọ́n mọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ilé ńlá tí a ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sí, tí a ń fún wọn ní oúnjẹ fún ọdún márùn-ún kí a tó tú wọn sílẹ̀. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù karùn-ún 1892, ní ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ẹjọ́ ńlá ní Ìjẹ̀bú-Òde ń dé iwájú àwọn Òṣùgbó ní ilédì. Owó ìtanràn wà. A ń lé ènìyàn kúrò nílùú. A ń ta ènìyàn lẹ́rú, ikú náà sì wà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kìkì àánú ni ayé àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni òfin Gẹ̀ẹ́sì dé. Èkó ti kọ́ ilé ẹ̀wọ̀n ti Broad Street láti 1872. Ìwé òfin ọ̀ràn tí ó kárí Nàìjíríà ní 1916, ẹnu yóò yà yín, òfin ìlú Queensland ní Ọsirélíà ni a wò kọ ọ́. Gúúsù Nàìjíríà ṣì ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ pẹ̀lú, kí gbogbo rẹ̀ tó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 1968.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iye ènìyàn tí ó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà tó nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́rin, èyíinì ni 80,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹ bá mú ẹni mẹ́ta nínú wọn, nǹkan bí méjì ni kóòtù kò tíì dá lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ẹjọ́ ni. Mo rántí ọkùnrin kan tí a mú nítorí ewúrẹ́. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Fáìlì rẹ̀ sọnù. Ẹlẹ́rìí kò wá. Adájọ́ kan lọ, òmíràn dé. Nígbà tí a rí fáìlì náà, ọkùnrin yìí ti lo ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́ta ni ó pọ̀ jù tí òfin ìbá fún un. Adájọ́ wo ìwé náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ní kí ó máa lọ sílé. Ọkùnrin náà dúró. Ó ní, “Olúwa mi, ṣé mo jẹ̀bi ni àbí n kò jẹ̀bi?” Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Èmi ni mo ń kọ ìwé, n kò mọ ohun tí mo lè kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹ máa lọ sí kóòtù o. Bí ẹ kò bá lọ, ẹ̀yin náà wà lára àwọn tí ó ti ènìyàn mọ́lé.

Bàbá arúgbó wa tí ó ń bèèrè iṣẹ́ ọmọ náà ni ó kàn. Ní 2019, ìjọba ṣe òfin tí ó yí orúkọ ilé ẹ̀wọ̀n padà sí ilé àtúnṣe. Orúkọ lè yípadà ní ọjọ́ kan, ibùsùn kì í yípadà ní ọjọ́ kan náà. Síbẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀: iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ télọ̀, iṣẹ́ bàtà. Ẹlòmíràn ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá níbẹ̀. Àwọn kan gba oyè yunifásítì níbẹ̀, nítorí yunifásítì tí a ń pè ní National Open University ní ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kíláàsì àgbà bíi tiyín yìí wà nínú àwọn ọgbà náà pẹ̀lú. Fún àwọn ọmọkùnrin tí ó wà láàrin ọdún mẹ́rìndínlógún sí mọ́kànlélógún, ilé mìíràn wà tí a ń pè ní Borstal. Mẹ́ta ni ó wà ní gbogbo Nàìjíríà tí mo mọ̀, ọ̀kan sì wà nítòsí wa ní Abẹ́òkúta. A kò gbọdọ̀ kó ọmọdé pọ̀ mọ́ àgbà ọ̀daràn. Ọmọ tí ó jí adìẹ wọlé, tí ó bá àwọn ọ̀gá olè sùn fún ọdún méjì, kì í ṣe adìẹ ni yóò jí nígbà tí ó bá jáde.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó le jù kò sí nínú ọgbà náà, ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni ó wà. A ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òwe yìí, mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó pa á, ó dára láti fi kìlọ̀ fún ọmọ kí ó má baà jalè. Ẹni tí ó ti jìyà rẹ̀ tán, kí ni ó fẹ́ fi òwe yìí ṣe? Ó wá iṣẹ́, a kò gbà á. Ó wá yàrá, onílé ní kò sí. Ẹ sọ fún mi, ibo ni ó kù tí yóò lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó bá pàdé ní ẹ̀wọ̀n ni.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n kì í ṣe ibojì. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní oṣù kẹsàn-án 1963. Adájọ́ Sowemimo tí ó dá ẹjọ́ náà sọ ní gbangba pé òfin ti di òun lọ́wọ́. A tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1966, ní 1967 ni ó sì di ẹni tí ó ń bójú tó owó gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, wọ ẹ̀wọ̀n ní 1995, ó jáde ní 1998, ó sì di ààrẹ ní oṣù karùn-ún 1999. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ti àwọn wọ̀nyí, pé wọn kò jí gàrí. Òótọ́ ni. Ohun tí mo ń wí ni pé a mọ bí a ti ń gba ẹlẹ́wọ̀n padà bí ó bá wù wá. Ẹni ńlá ni a ń ṣe é fún. Ọmọ tálákà ni a kì í fẹ́ ṣe é fún.

Ìyá onígàrí wa ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé rẹ̀, àbí? Kóòtù náà máa ń gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ bá dé kóòtù, a kì í kọ ọ́ pé ìyá onígàrí ni ó pe olè lẹ́jọ́. “Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá àti Lágbájá” ni a ń kọ sára fáìlì. Ìjọba ni ó ni ẹjọ́. Bí adájọ́ bá ní kí olè san owó ìtanràn, àpò ìjọba ni owó náà ń lọ. Ìyá wá sí kóòtù ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó san owó ọkọ̀, ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Mo rí i, mo rí i títí. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, n kò kà á sí. Nísinsin yìí ni mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti gbọ́n jù wá lọ, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ olè parí láìsọ ti ẹni tí ó ni ẹrù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. Òfin fún adájọ́ ní agbára láti sọ pé kí ẹni tí ó jẹ̀bi san ohun tí ó bàjẹ́ fún ẹni tí ó ni ín. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, wọn kì í sì í bèèrè. Ẹ bèèrè! Ẹ sọ fún ọlọ́pàá tí ó ń ṣe ẹjọ́ náà, kí ó sọ fún adájọ́. Ẹ mú rìsíìtì yín dání, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń kọ́ ìwé. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí adájọ́ fi ọ̀daràn síṣẹ́ ìlú, kí ó máa gbá ọjà, kí ó máa kó gọ́tà, kí ó sì máa sun ilé rẹ̀. Nínú òfin 2015 yẹn, a kò gbọdọ̀ ṣe èyí fún ẹni tí ó lo ohun ìjà, tàbí ẹni tí ó fi ipá bá ènìyàn lò pọ̀, tàbí ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ ju ti ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lọ. Àwọn kan ní ìyà kọ́ nìyẹn, pé ìgbálẹ̀ lásán ni. Ṣé ẹ̀yin rò pé kì í ṣe ìyà kí ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún máa gbá ọjà Òkè-Ajé lójú àwọn tí ó mọ ìyá rẹ̀? Kí ìyá onígàrí fúnra rẹ̀ máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹni tí ìbá yan ẹ̀wọ̀n dípò rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ó lè kan ọmọ yín tàbí ọmọ aládùúgbò yín. Bí adájọ́ bá ti ní ènìyàn jẹ̀bi, ẹjọ́ kò tíì parí. Adájọ́ yóò bi í bóyá ó ní ohun kan láti sọ kí òun tó dá ìyà fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dákẹ́, tàbí kí wọ́n máa sunkún. Ìgbà yẹn gan-an ni ó yẹ kí a sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí a sọ ọ́. Bí ó bá ti dá ẹrù padà, kí a sọ ọ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, tàbí pásítọ̀, tàbí lèmọ́mù, tàbí baálé àdúgbò bá lè wá dúró kí ó sọ irú ọmọ tí ó jẹ́, kí ó wá. Mo ti rí i tí ọdún méjì di oṣù mẹ́ta nítorí pé bírísopé kan fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá sọ pé, “Olúwa mi, n ó gbà á padà.” Kò ju gbólóhùn yẹn lọ.

Mo rí ìyá kan tí ó na ọwọ́ sókè. Ẹ wí, ìyá. Ìyá ní bí adájọ́ bá ní kí olè san owó gàrí, tí kò sì ní owó lọ́wọ́ ńkọ́? Ìbéèrè ọlọ́jà nìyẹn! Adájọ́ lè fún un ní àkókò, ó lè ní kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọ̀ tí kò san, ẹ̀wọ̀n wà níwájú. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó dá fún yín àti iye tí ó san sínú ìwé yín, kí ẹ jẹ́ kí ó fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀, kí bàbá tí ó wà lẹ́yìn yẹn tó bèèrè tirẹ̀.